Spíìdìbóòtù onírìmóòtù pẹ̀lú ₦60,000: jẹ́ kó fúyẹ́ ná

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ìkòròdú ni mò ń gbé, nítòsí Ìpakodò. Ojoojúmọ́ ni mò ń wo àwọn spíìdìbóòtù tó ń kó èrò lọ sí Èkó. Mo fẹ́ ṣe kékeré rẹ̀, èyí tí màá máa fi bátìrì wà, tí màá sì máa fi rìmóòtù darí, kó sì sáré dáadáa. ₦60,000 ni gbogbo owó tí mo rí tù jọ. Mo ní dírílì oníbátìrì kan tí wọ́n kọ 12V sí lára, bátìrì rẹ̀ ti kú. Mo ní bátìrì láptọ́ọ̀pù àlòkù méjì. Àbúrò mi sì ní ọkọ̀ ìṣeré onírìmóòtù kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ lò mọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ṣẹ́ iná ní mọ́tò dírílì kò ní lágbára tó, pé kí n fi gbogbo owó náà ra mọ́tò ńlá. Kí ni kí n kọ́kọ́ rà?"

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má ra mọ́tò kankan. (Kó má baà di àṣìgbọ́: mọ́tò tí mò ń wí níbí, ẹ̀rọ kékeré tí ń yí bíi ti fáànù ni, kì í ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́.) Ọ̀rẹ́ rẹ kò purọ́, mọ́tò ńlá lágbára. Àmọ́ iná ńlá ló ń jẹ, bátìrì ńlá ló sì ń gbé irú iná bẹ́ẹ̀, bátìrì ńlá kì í sì í fúyẹ́. Kó o tó mọ̀, o ti kan ọkọ̀ tó ń fi ikùn wọ́lẹ̀ nínú omi, ₦60,000 ti tán, ESC (pátákó tó ń dín iná mọ́tò kù tó sì ń fi kún un bí rìmóòtù bá ṣe sọ) tó lè gbé iná yẹn kò tíì délé.

Lọ́la, tó o bá dé etí omi ní Ìpakodò, wo ọkọ̀ kan láti ìgbà tó bá tú okùn. Lákọ̀ọ́kọ́, imú rẹ̀ á gbé sókè, ìdí rẹ̀ á rì, á máa ti omi síwájú bí ẹni tó ń ti ògiri. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, á gun orí omi, imú á bọ̀ sílẹ̀, ìró ẹ́ńjìnnì á yí padà, ìfófòó á sì tẹ́ lọ lẹ́yìn rẹ̀. Gígun orí omi yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Tí tìẹ kò bá lè gùn ún, mọ́tò tó lágbára ju ti dírílì lọ ní ìlọ́po méjì yóò kàn máa da omi rú ni. Tó bá sì fúyẹ́ tó, tí ìdí rẹ̀ mú, tí ṣáfùtù rẹ̀ (irin gbọọrọ tó ń gbé yíyí mọ́tò lọ sẹ́yìn) tọ́, mọ́tò dírílì yẹn tó o.

Ẹ jẹ́ ká fi òṣùwọ̀n sọ ọ́. Fún ọkọ̀ tó gùn ní 50 cm, tó fẹ̀ ní 18 cm, èmi kì í gbà kí gbogbo rẹ̀ pátá ju 900 gíráàmù lọ. Mọ́tò dírílì á kó bíi 220 nínú rẹ̀. Ọmọ bátìrì láptọ́ọ̀pù mẹ́fà á kó bíi 280. ESC, servo (ẹ̀rọ kékeré tó ń yí ìtọ́kọ̀) àti ẹ̀rọ tó ń gba rédíò á kó bíi 70 láàárín ara wọn. Ṣáfùtù, páìpù rẹ̀ àti ìtọ́kọ̀ á kó 80. Ṣírò ohun tó kù: 250 gíráàmù péré ló kù fún ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀dà àti ìdérí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó o yá òṣùwọ̀n ìdáná lọ́wọ́ ẹnìkan kó o tó ra nǹkan kan. Gbogbo ohun tó bá máa wọ inú ọkọ̀, wọ̀n ọ́n, kó o sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ara ọkọ̀ 250 gíráàmù, fóòmù funfun inú páálí tẹlifíṣọ̀n tàbí ti fíríìjì ló lè ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀rọ ilé, wọ́n á tilẹ̀ dúpẹ́ pé o bá wọn kó o kúrò nílẹ̀. Fi bíléèdì gígùn tó mú gé e. Má fi wáyà gbígbóná gé e nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ tì, èéfín rẹ̀ kò dáa. Ìdí ọkọ̀ náà: jẹ́ kó tẹ́ pẹrẹsẹ láti àárín títí dé ẹ̀yìn, kó wá máa mú díẹ̀díẹ̀ lọ sí imú. Àwọn ti Ìpakodò ní ìdí tó rí bí ẹ̀gbẹ́ àáké nítorí ìgbì, àmọ́ mọ́tò tìẹ kéré, omi tó dákẹ́ lo sì máa lò ó sí. Ìdí pẹrẹsẹ ló tètè ń gun omi.

Ibì kan wà tí fóòmù ti máa ń já ènìyàn kulẹ̀. Etí rẹ̀ kì í mú, á kàn rí róbótó bíi ti ọṣẹ tí wọ́n ti lò. Omi tó yẹ kó já kúrò lára ọkọ̀ ní ìdí á wá tẹ̀lé etí róbótó yẹn gòkè, á máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Mú rúlà oníke ọmọ iléèwé, gé e, lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí ìsàlẹ̀ lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kí etí rẹ̀ yọ jáde díẹ̀ bí èékánná. Rúlà méjì tó. Mi ò mọ ohun mìíràn tó kéré lówó tó bẹ́ẹ̀ tó sì ń fi kún eré ọkọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ní ti ìbòrí, gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo gé fóòmù fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko, ó dùn ún wò. Mo gbé e lọ bá ọkùnrin kan tó ń fi fáíbà tún bọ́ńpà ọkọ̀ ṣe, mo ní kó bá mi da díẹ̀ lé e lórí kó lè le. Bí oje fáíbà náà ṣe kàn án ló bẹ̀rẹ̀ sí í hó ṣìṣì. Kí n tó pariwo, ọkọ̀ mi ti wọlé bíi búrẹ́dì tí wọ́n rì sínú tíì gbígbóná. Ọkùnrin náà wò mí, ó ní, "Mo rò pé ẹ mọ̀ pé ó máa ń jẹ fóòmù ni." Oje tí wọ́n ń lò fún bọ́ńpà ń yọ́ fóòmù funfun. Pẹtiróòlù ń yọ́ ọ. Gọ́ọ̀mù tí àwọn ṣúmékà ń lò náà ń yọ́ ọ. Epoxy (oje méjì tí a ń pò pọ̀ kó lè le) kì í yọ́ ọ ní tiẹ̀, àmọ́ owó rẹ á tètè tán sí i.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí ni pé mo ń fa ìwé ìròyìn ya ní tínínrín, mo ń rì í sínú gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà tí mo fi omi díẹ̀ pò, mo sì ń lẹ̀ ẹ́ yí ká lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń gbẹ fún ọjọ́ méjì lábẹ́ òrùn. Gọ́ọ̀mù yẹn fúnra rẹ̀ kò lè gba omi dúró, tó bá rí omi á tún rọ̀, nítorí náà ọ̀dà elépo (oil paint) la ó fi bò ó: lẹ́ẹ̀mejì lókè, lẹ́ẹ̀mẹta nísàlẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ìwé ti bo fóòmù dáadáa, ọ̀dà kò ní rí i jẹ. Wo ojú ibi tí ìwé bá ti ya tàbí tó ti wú kó o tó kùn ún.

Ó wá kan ṣáfùtù, ibi tí mo máa jókòó lé díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ onílé ti ń kú. Lọ sí ìsọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọ̀kadà, ra sípóòkù ọ̀kadà mẹ́ta. Ẹyọ kan ló máa wúlò, àmọ́ ra mẹ́ta, nítorí méjì lè ti wọ́. Gbé e sórí gíláàsì fèrèsé tàbí gíláàsì tábìlì, yí i lọ yí i bọ̀ pẹ̀lú ìka. Èyí tó bá ń fò tàbí tí ìmọ́lẹ̀ ń yọ lábẹ́ rẹ̀, mú un kúrò. Èyí tó bá ń yí wẹ́rẹ́ láìsí ariwo ni ṣáfùtù rẹ. Páìpù tó máa wọ̀ wá láti ara éríà tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, irú èyí tí a máa ń fà gùn. Oríṣiríṣi ìwọ̀n ló wà nínú rẹ̀, gbìyànjú wọn títí wàá fi rí èyí tí sípóòkù ń yí nínú rẹ̀ láì dẹ̀ jù, láì sì há. Kún inú páìpù náà fún gíríìsì kó o tó ti ṣáfùtù wọlé, gíríìsì yẹn ló ń dá omi dúró. Kó o máa fi kún un lẹ́yìn gbogbo ìjáde.

Jẹ́ kí páìpù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀ sí ìdí ọkọ̀. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá tẹ̀ sísàlẹ̀ jù, agbára mọ́tò á máa gbé ìdí ọkọ̀ sókè, á máa ti imú rẹ̀ sínú omi, dípò kó tì í síwájú.

Pùròpẹ́là, abẹ̀bẹ̀ kékeré tó wà lẹ́yìn, ni kó o fi owó rà. Má gé e láti ara agolo mílíìkì. Mo ti gbìyànjú rẹ̀, ó ká bí ewé. Ra oníke eléwé méjì, 30 mm. Wàá fẹ́ ra 40 mm nítorí ó dùn ún wò, má rà á: bó ṣe ń tóbi díẹ̀ ni iná tó ń jẹ ń pọ̀ gidi. Ṣírò rẹ̀ báyìí. Púpọ̀ nínú pùròpẹ́là ọkọ̀ eré ni wọ́n ṣe pé, tí kò bá sí ìyọ̀, yíyí kan á gbé ọkọ̀ lọ ní ìlọ́po 1.4 fífẹ̀ rẹ̀. Ti 30 mm á jẹ́ 42 mm. Tí mọ́tò bá yí ní ìgbà 12,000 ní ìṣẹ́jú kan, bíi mítà 500 nìyẹn ní ìṣẹ́jú kan, tàbí kìlómítà 30 ní wákàtí. Omi kì í ṣe pákó, pùròpẹ́là ń yọ̀ nínú rẹ̀, nítorí náà yọ ìdámẹ́rin kúrò: ó kù bíi kìlómítà 22. Lójú ọkọ̀ tó gùn bí apá rẹ, eré àsápajúdé nìyẹn.

Tú dírílì náà báyìí. Yọ gíà iwájú rẹ̀, mọ́tò tó kù á fẹ́rẹ̀ẹ́ bá bátìrì tọ́ọ̀ṣì ńlá dọ́gba ní gígùn àti nínípọn. Fi rọ́bà pẹtiróòlù ọ̀kadà kúkúrú so orí rẹ̀ mọ́ ṣáfùtù, kó o fi wáyà tínínrín dè é lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Rọ́bà yìí ní àléébù kan: ó máa ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Mọ́tò àti ṣáfùtù lè ṣàì kọjú síra wọn dáadáa, kí wọ́n ṣì máa yí, kí ìdajì agbára rẹ sì máa di ooru. Bí mo ṣe ń mọ̀ ni pé, kí n tó lẹ mọ́tò mọ́lẹ̀, mo ń fi mítà iná wo áńpù (ìwọ̀n iná) tó ń jẹ ní òun nìkan. Mo wá so ṣáfùtù mọ́ ọn, láìsí pùròpẹ́là, mo tún wò. Bí ó bá jẹ áńpù 2 tẹ́lẹ̀, tó wá di 2.5, mo ń bá iṣẹ́ lọ. Bó bá di 4, màá tún mọ́tò náà gbé, màá fi páálí tẹ́ ẹ lábẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí áńpù á fi wálẹ̀. Ó lè gba ìrọ̀lẹ́ odindi. Má kánjú níbẹ̀.

Fi lẹ́ẹ̀dì jó kapasítọ̀ pẹlẹbẹ kékeré mẹ́ta, èyí tí wọ́n kọ 104 sí lára, mọ́ mọ́tò náà: ọ̀kan láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ẹsẹ̀ sí ara irin rẹ̀. Láìsí i, iná tó ń ta pàrà nínú mọ́tò á máa da rédíò rẹ láàmú, ọkọ̀ á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe.

Bátìrì láptọ́ọ̀pù. Tó bá jẹ́ ti láptọ́ọ̀pù àtijọ́ tó nípọn, ọmọ bátìrì róbótó mẹ́fà ló sábà máa ń wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, méjì-méjì ní ìlà mẹ́ta. Nínú méjìlá, ṣa mẹ́fà tó dáa jù. Èyí tí mítà bá kà sí abẹ́ 2.5V, gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, má sì sọ ọ́ sínú iná. Mẹ́fà náà bí wọ́n ṣe wà yẹn á fún ọ ní 11.1V, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ohun tí mọ́tò dírílì rẹ ti ń jẹ tẹ́lẹ̀. Àmọ́ wọn kì í ṣe bátìrì eré. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kì í fẹ́ gbé ju áńpù 4 tàbí 5 lọ, nítorí náà méjì-méjì á gbé bíi 9 fún ọ. Èyí ló jẹ́ kí n rọ̀ ẹ́ pé pùròpẹ́là 30 mm ni kó o lò. Mọ́tò ńlá ọ̀rẹ́ rẹ ì bá ti sè wọ́n bí ẹyin.

Má jó lẹ́ẹ̀dì mọ́ ara ọmọ bátìrì fúnra rẹ̀, ooru rẹ̀ ń ba inú rẹ̀ jẹ́. Fi irin pẹlẹbẹ tó ti wà lára wọn sílẹ̀, orí irin yẹn ni kó o ti jó wáyà rẹ. Bó bá ti ya, àwọn tó ń tún páwà báǹkì ṣe ní Computer Village ní ẹ̀rọ tó ń lẹ̀ ẹ́. Ra pátákó BMS fún ìlà mẹ́ta, kò wọ́n. Òun ló máa já iná kí bátìrì tó gbẹ jù, òun náà ni kò ní jẹ́ kí ìlà kankan gba iná jù. Orí táìsì ni kó o ti máa fi iná sí i, kó o sì jókòó tì í. Má gbé e sórí ibùsùn, má sì fi sílẹ̀ kó o sùn.

Láàárín bátìrì àti ESC, fi fíúsì ọkọ̀ áńpù 15 sí i. Rẹwáyà èyíkéyìí á tà á fún ọ. Náílọ̀nù píọ́ wọ́tà kan ṣoṣo tó bá wé mọ́ pùròpẹ́là, mọ́tò á dúró gbagidi, iná á sì máa ya wọ inú rẹ̀. Fíúsì ni kó jó, kì í ṣe bátìrì.

Ó wá kan ibi tí ₦60,000 rẹ ń lọ: rìmóòtù, ẹ̀rọ tó ń gba rédíò àti ESC. Fi ọkọ̀ ìṣeré àbúrò rẹ sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Mo mọ̀ pé ọwọ́ ti ń yún ọ láti tú u, àmọ́ pátákó inú rẹ̀, mọ́tò tíńtín ni wọ́n ṣe é fún, áńpù 8 á jó o níṣẹ̀ẹ́jú àáyá. Púpọ̀ nínú wọn kò sì mọ ju òsì pátápátá tàbí ọ̀tún pátápátá lọ, ọkọ̀ tó ń sáré yóò sì dojú dé bó o bá yà á lójijì. Wá rìmóòtù 2.4 GHz (irú ìgbì rédíò tó ń lò nìyẹn) tó ń yí díẹ̀díẹ̀ bí ọwọ́ rẹ ṣe ń yí. Tokunbọ̀ rẹ̀ dáa, bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti parí iṣẹ́ dúróònù ní yunifásítì, ọ̀pọ̀ wọn ló ní èyí tó jókòó sí abẹ́ ibùsùn. Ju ìdajì owó rẹ lè bá a lọ, má kábàámọ̀. Bí ọkọ̀ yìí bá bàjẹ́, rìmóòtù náà á ṣì wà fún èkejì. Nikola Tesla, onímọ̀ iná mànàmáná, gbé ọkọ̀ ojú omi oníbátìrì síwájú èrò ní Madison Square Garden, ní New York, lọ́dún 1898, ó sì ń darí rẹ̀ láìsí wáyà. Nínú ọkọ̀ tìẹ náà, apá tó wà lọ́wọ́ ẹni yìí ló máa jẹ owó jù.

ESC tó o máa rà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti mọ́tò ẹlẹ́sẹ̀ méjì bíi ti dírílì, kó sì lè gba ìlà mẹ́ta. Wàá rí àwọn kan tí wọ́n kọ 320A sí lára. Ìpolówó ọjà ni, má gbà á gbọ́, àmọ́ wọ́n á gbé áńpù 9 tìẹ. Servo kékeré onírin ni kó o fi yí ìtọ́kọ̀.

Ẹ̀rọ tó ń gba rédíò, ti í sínú bàlúùnù, kó o so ẹnu rẹ̀. Gbé éríà rẹ̀ gba inú sítírọ́ọ̀ jáde sókè, nítorí 2.4 GHz kì í la omi já. Ìdérí, fi sẹ́lótéèpù fífẹ̀ dì í. Ìyẹn tó.

Ooru mọ́tò: ìṣẹ́jú márùn-ún lákọ̀ọ́kọ́, kó o dá a padà, kó o fọwọ́ kàn án. Bí ọwọ́ rẹ kò bá lè dúró lórí rẹ̀, bi àwọn tó ń tún fíríìjì ṣe bóyá wọ́n ní ìgékù páìpù kọ́pà. Kún inú rẹ̀ fún yanrìn gbígbẹ kó má baà fún, ká a mọ́ mọ́tò lẹ́ẹ̀mẹta, kó o sì gbọn yanrìn náà jáde. Rọ́bà dírípù láti ilé ìtajà oògùn ni kó o fi gbé omi wọlé láti ẹnu páìpù kékeré tó kọjú sí ẹ̀yìn pùròpẹ́là, kó o fi òmíràn gbé e jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Kó o tó lẹ bátìrì mọ́lẹ̀, gbé ọkọ̀ náà lé ìka méjì, ìka kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ibi tó bá ti dúró láì tẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn gbọ́dọ̀ jẹ́ bíi 15 cm sí ìdí. Bátìrì lo máa sún títí á fi rí bẹ́ẹ̀. Lójú omi, bí imú rẹ̀ bá ń mì sókè sódò bí orí alángbá, sún bátìrì síwájú ní ìwọ̀n ìka kan. Bí imú bá ń walẹ̀ nínú omi, sún un sẹ́yìn. Tí pùròpẹ́là rẹ bá ń yí sápá ọ̀tún nígbà tó o bá wò ó láti ẹ̀yìn, ọkọ̀ á fẹ́ tẹ̀ sósì. Sún bátìrì sọ́tùn-ún díẹ̀, yóò dọ́gba. Nígbà tó bá dára, fi máàkà fa ìlà yí bátìrì ká kó o lè mọ ibi tí ó gbé wà.

Má lọ sí ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ èrò ń gbà. Wá adágún tàbí ẹ̀bá omi tó dákẹ́, ní àárọ̀, kí afẹ́fẹ́ tó dé, níbi tí koríko orí omi kò pọ̀ sí. Tó o bá wálé, fi omi tútù fọ̀ ọ́, omi ọ̀sà ní iyọ̀. Ra okùn ìpẹja gígùn pẹ̀lú bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì kan, kó o so wọ́n pọ̀. Bí ọkọ̀ bá kú sáàárín omi, ju bọ́ọ̀lù náà kọjá rẹ̀, kó o máa rọra fa okùn padà, á gbé e bọ̀. Má wọ omi tẹ̀lé e, kódà bó o bá mọ̀ ọ́n wẹ̀. Fóòmù ni, kò ní rì, afẹ́fẹ́ lè gbé e wá sí etí omi.